Àǹtí, ẹ ò tíì gbọ́ ọ

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọmọkùnrin kan ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ti to aṣọ oníbàárà mẹ́ta kalẹ̀ tí mo fẹ́ lọ̀ kí wọ́n tó tún mú iná wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akéwì wa lórí WhatsApp ló fi ewì ránṣẹ́, ohùn ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin lé díẹ̀. Mo wo gígùn rẹ̀, mo wo áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná, mo tẹ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kíá: "Ó dùn bí oyin! Ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹnu yín kò ní kan o." Mo fi àtẹ́wọ́ mẹ́ta tì í lẹ́yìn, mo gbé fóònù jù sórí tábìlì.

Kò pẹ́ tó wá bá mi níkọ̀kọ̀. Ó ní: "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ ọ."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Ọmọ tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ, ta ló ń bá wí? Ló bá fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé WhatsApp máa ń tú àṣírí tó báyìí. Bí o bá fi ohùn ránṣẹ́, tí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí o wá ibi ìròyìn rẹ̀ lọ, wàá rí orúkọ àwọn tó rí i lọ́tọ̀, wàá rí orúkọ àwọn tó ṣí i gbọ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó ti pa àmì búlúù tirẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ti ka nǹkan, kò bọ́ lọ́wọ́ ti ohùn. Èèyàn 19 ló ti yin ọmọ náà. Èèyàn méjì péré nínú wọn ló gbọ́ ọ. Orúkọ mi wà láàárín àwọn 19, kò sí láàárín àwọn méjì.

Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ. (Ọpẹ́lọpẹ́ pé áńkárá ni. Ká ní léèsì ni, ẹjọ́ mìíràn là bá máa rò báyìí.)

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni.

Ọdún 2019 ni oníbàárà mi kan fà mí wọ ẹgbẹ́ náà. Ó ti gbọ́ tí mo ń ké ewì lábẹ́ ẹnu nídìí máṣìnì, ó ní n má fi ṣòfò. Télọ̀ ni mí, ní Òṣogbo. Ìyá mi ló jẹ́ aláró. Òun náà ni mo fi kọ ewì àkọ́kọ́ tí mo gbé síbẹ̀. Fóònù tí mo ń lò nígbà náà, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá tẹ nǹkan lórí rẹ̀, torí náà bó ṣe jáde nìyí:

Iya mi alaro
Owo dudu lo fi bo mi
Ti eyin mi fi funfun

Gbogbo ilé dákẹ́ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà." "Ọba òkè á túbọ̀ fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n yín." Mo ka mẹ́fà, inú mi ń dùn. Àfi bí ẹnì kan ṣe béèrè, tọkàntọkàn, kò fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú owó dúdú wo ni màmá yín fi bò yín? Ṣé oògùn owó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Ìyá mi, tó fi ẹlú àti eérú pa ara rẹ̀ títí tí èékánná rẹ̀ ò fi mọ àwọ̀ mìíràn mọ́, ló wá di olóògùn owó nítorí àmì tí n ò fi sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó béèrè kò ṣẹ̀ mí, ó kúkú kà á. Àwọn mẹ́fà tó ti pàtẹ́wọ́ ṣáájú ni mo ń rò. Èwo ni wọ́n kà? Ṣé owó ni wọ́n yìn àbí ọwọ́?

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ṣakí. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ewì mi tẹ̀ síta, tàmì-tohùn:

Ìyá mi aláró,
Ọwọ́ dúdú ló fi bọ́ mi
Tí eyín mi fi funfun.

Kò yìn mí, kò bú mi. Ó wá fi ohùn ara rẹ̀ ké e tẹ̀ lé e, látòkè délẹ̀. Ohùn àgbàlagbà tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu díẹ̀, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíràn rí láyé mi. Nígbà tó dé "eyín mi", ó fà á, bíi pé ó ń fi ahọ́n ka eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú. Mo pa máṣìnì, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ó dé ẹsẹ̀ kẹfà, ó dúró. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Ní ìdájí ni ó máa ń lọ sí odò pẹ̀lú igbá ní orí rẹ̀ àti èmi ní ẹ̀yìn rẹ̀." Ó kà á, ó tún un kà, mo gbọ́ ibi tí èémí rẹ̀ ti já. Ó ní: "Ọmọ mi, ibí yìí, o ń jábọ̀ fún mi ni, o ò kéwì mọ́. Tú u, kí o tún un rán."

Ta ló sọ fún un pé télọ̀ ni mí? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u. Bí mo bá ń rán síìpù, òun ni mò ń rò. Mo fi í sùn, mo fi í jí. Ohun tó kù nígbà tí mo tú u tán ni:

Igbá ń bẹ lórí, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn,
Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó ti bá odò sọ̀rọ̀ tán.

Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ló fi dá mi lóhùn: "Ó jókòó." Títí dòní, bí aṣọ bá bá ara oníbàárà mu, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kì í gba ti Bàbá. Wọ́n ní yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíì, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ yin èèyàn ná. N ò bá wọn jiyàn. Èmi náà fẹ́ràn ìyìn. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó ń kì mí ní ọmọ Òròkí, àpò mi á ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kì ọ́ ní láti mọ ìdílé rẹ. Bó bá gbé oríkì Oníkòyí fún ọmọ Òpómúléró, owó kọ́ ni yóò fi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dùn bí oyin" tiwa yìí, gbogbo ìdílé là ń kì í fún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ìkéde òkú.

Ọmọ ọdẹ ni Bàbá. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé níbi ọdún Ògún, tí àwọn ọdẹ bá ń sun ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣi oríkì kì, ẹlòmíràn á já a gbà lẹ́nu rẹ̀: irọ́ lo pa, kò rí bẹ́ẹ̀, gbọ́ bó ṣe rí. Ti àkọ́kọ́ náà ò ní gbà bọ̀rọ̀. Á ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, kí ẹranko kálukú máa gba ojú ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á fà á síwá, wọ́n á fà á sẹ́yìn, ẹmu á sì máa lọ yípo. Bàbá ní kékeré ni òun wà tí òun ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọn kì í dá lẹ́kun níbẹ̀, ẹni tí wọn ò ka ìjálá rẹ̀ sí ni.

Kí n má parọ́ mìíràn, gbogbo ìdálẹ́kun kọ́ ló dáa bẹ́ẹ̀.

Ní 21 oṣù Èrèlé ọdún 2021, tí í ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé, a ní kí kálukú gbé ewì wá. Obìnrin kan láti Kétu (Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ti Èkó) gbé tirẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn ló ṣe kọ ọ́: ɔ àti ɛ dípò ọ àti ẹ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ni "Kpɛ̀lɛ́ o, ilé ayé." Ẹ̀rín sọ. "Èdè wo rèé?" "Ṣé bí Faransé ṣe ń sọ Yorùbá nìyí?" Ẹnì kan da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé, ó fi gègé pupa fàlà sí i bíi ti ọmọ iléèwé, ó yà á ní fọ́tò, ó gbé e síta. Lọ́jọ́ Èdè Abínibí o!

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé yẹn sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀, mo lọ wò ó lánàá.

Obìnrin náà dákẹ́. Ọjọ́ kẹrin, Bàbá gbé ewì tara rẹ̀ kan síta, èyí tí gbogbo wa ti yìn rí, tí àwọn kan tiẹ̀ ti há sórí. Ó ti fi ɔ àti ɛ àti kp kọ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan sí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. A kà á, a ò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ará Kétu ti gbé ewì mẹ́ta wá.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin ọjọ́ Ẹtì.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ki wáyà bọ etí, mo ṣí ohùn náà. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ìbà ni. Ó júbà ilẹ̀, ó júbà òkè, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àwọn akéwì tó ti kú àtàwọn tó wà láàyè, ó júbà ádímìn. N ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú tó wà lórí igi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, mo rántí àwa èèyàn 17 tá a yìn ín láì gbọ́ ọ, mo jẹ́ kó máa lọ. Ní ìṣẹ́jú kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Kò pariwo mọ́. Ó ní:

Bàbá mi gbé gbogbo ayé dé ibi tí wọ́n ń lọ,
Òun nìkan ni ò lọ síbì kan.

Mo dá a padà. Mo tún un gbọ́. Mo yọ wáyà kúrò létí kí n lè gbọ́ ọ nínú yàrá.

Mo pinnu pé bí Bàbá ṣe ṣe fún mi ni màá ṣe fún un, màá ké e. Ẹ̀yin èèyàn, n ò ké ewì ẹlòmíràn rí, n ò sì fẹ́ràn ohùn ara mi. Ti àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ ará iwájú bò mí mọ́lẹ̀. Èkejì, ọmọ iṣẹ́ mi tó wá gba kọ́kọ́rọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, mo sín. Ìgbà kẹfà ni mo tó rí i ṣe. Mo ké ẹsẹ̀ méjì yẹn nìkan, mo sì fa "òun nìkan" bó ṣe yẹ kó fà á, torí ó sáré kọjá níbẹ̀. Mo wá sọ fún un pé: "Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́ fún ti àárọ̀. Irọ́ ni mo pa. Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ tóbi ju ilé lọ; ìbà yẹn, fi ọ̀kan ṣe é. Bàbá rẹ ni kó kọ́kọ́ jáde. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró dè é fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn èrò kì í dúró de ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀."

Aago 11 alẹ́ kọjá dáadáa kí n tó fi ránṣẹ́. N kò sùn dáadáa. Kí ni mo tiẹ̀ mọ̀ nípa ewì tí mò ń tú aṣọ aláṣọ? Bó bá jẹ́ pé ìbà yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ńkọ́?

Ní ìdájí, kí n tó kírun, mo wò ó. Àmì ohùn náà ti di búlúù. Kò sọ nǹkan kan. Mo gé aṣọ méjì, mo rí i pé n ò fi ọkàn sí i, mo fi gígé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Ó di ọ̀sán kí ó tó fi nǹkan ránṣẹ́, kì í sì í ṣe sí èmi, ẹgbẹ́ ló fi í ránṣẹ́ sí. Ohùn ni. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Àtẹ́wọ́ ti ń já lulẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo pa máṣìnì, mo gbé fóònù sétí.