Ìtìjú Ni Wọ́n Fi Ń Gba Owó Lọ́wọ́ Yín

Orúkọ tí a ní fún obìnrin tó ń fi ara rẹ̀ ṣòwò ní Abẹ́òkúta kò lóǹkà: aṣẹ́wó, ọlọ́ṣó, àwọn ọ̀dọ́ sì ń pe iṣẹ́ náà ní rọ́ọ̀nsì tàbí húkọ́ọ̀pù. Ọkùnrin tó ń sanwó kò ní orúkọ kankan, àfi ọjọ́ tí àṣírí bá tú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹnu ayé lẹbọ fún àwọn méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti ń sá fún un gan-an ni ewu ti ń ká wọn mọ́.

Ọsibítù ló burú jù, torí aago ń lọ níbẹ̀. Bí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá já, tàbí tí ẹnìkan fipá bá yín lò, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP tó ń dènà HIV. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ 28 láì fo ọjọ́ kan. Bó bá ṣe yá tó ló dára tó. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni pé èèyàn á máa ro ohun tí nọ́ọ̀sì máa sọ, ọjọ́ méjì á lọ, ọjọ́ kẹta á sì bá a nílé. Ẹ kò ní láti ka iṣẹ́ yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba, irú èyí tó wà ní Ìdí-Àbà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú HIV, kí ẹ sọ pé, "Rọ́bà já lálẹ́ àná, PEP ni mo wá gbà." Ó tó. Bí ẹnìkan bá ń pariwo ọ̀rọ̀ yín ní gbangba, ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ yàrá. Ẹ má bínú lọ sílé.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà, àyẹ̀wò tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e kò tíì lè rí HIV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa lo rọ́bà pẹ̀lú ìyàwó yín títí dìgbà náà. Mo mọ̀ pé àlàyé yẹn le. Àìsàn tí ẹ bá gbé wọlé á le jù ú lọ.

Ní ti ọlọ́pàá, n kò sọ pé òfin fọwọ́ sí òwò yìí o. Ẹni tó ni ilé aṣẹ́wó àti ẹni tó ń jẹ lára owó obìnrin bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìyà òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ibi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, bí ti Abẹ́òkúta, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù. Bélì kì í ṣe títà, obìnrin sì lè dúró bélì fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá nínú fóònù kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́, wọ́n á tún wá a wá.

Ẹni tó ní òun á fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí pásítọ̀ tàbí landọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Owó àkọ́kọ́ kì í parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé ẹ máa san. Kí ẹ tó dí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ya àwòrán ojú fóònù tí nọ́ńbà, déètì àti àkáǹtì tó ní kí ẹ sanwó sí hàn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 mú irú ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fúnra yín sọ ọ́ fún ẹnìkan ṣoṣo tó lè pa á mọ́, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, kó má bàa jẹ́ pé ẹnu ẹni yẹn nìkan ni àṣírí náà wà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí. Ìyẹn kì í ṣe òwò rárá. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627.