Ẹ Má Fo Ti Combelle Kọjá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sasofóònù tenor kọ́rùn, ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ kó tó yé mi, mi ò sì fẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1937, ọkùnrin mẹ́rin gbé sasofóònù wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Paris. Ọmọ Faransé ni André Ekyan àti Alix Combelle. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Benny Carter àti Coleman Hawkins, baba gbogbo àwa onítenor. Django Reinhardt ló ta gìtá. Nínú “Crazy Rhythm,” kálukú fọn tirẹ̀ ní báà 32 (báà ni ìwọ̀n kéékèèké tí a fi ń ka orin): Ekyan, Combelle, Carter, kó tó kan Hawkins. Bí Hawkins ṣe ń parí, ẹnì kan ké sí i pé kó máa lọ, ó sì tún fọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi igbe yẹn ni mo máa ń sáré lọ. Mo há ti Hawkins sórí tán pátápátá, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n dìde fọn láàrin ẹgbẹ́, mi ò ní nǹkan tèmi láti sọ. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló bi mí pé, “Ta ló fọn ṣáájú?” Mi ò lè dáhùn.

Mo padà sídìí Combelle, onítenor tó fọn ṣáájú Hawkins. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ fọn sasofóònù nínú Garde républicaine, ẹgbẹ́ olórin ológun Faransé, ṣùgbọ́n ìlù ni òun fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ìlù yẹn wà nínú bó ṣe ń gbé ohùn lé orin. Hawkins ló ń wò kọ́ tenor. Hawkins yìí kan náà ló wá dúró nítòsí, tó ń retí kó kan òun. Ẹ̀yin ẹ ro ó wò! Síbẹ̀ kò kánjú. Ó sọ tẹnu rẹ̀, ó gbé e fún Carter.

Láti 1940, tí Hawkins ti padà sílé, tí ogun Jámánì sì ti gba Paris, Combelle ló ń darí ẹgbẹ́ ńlá Jazz de Paris.

Ẹni tó bá wá kọ́ tenor lọ́dọ̀ mi báyìí, báà 32 ti Combelle yẹn la fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi ẹnu kọ ọ́, a ó pàtẹ́wọ́ sí i, kí fèrè tó jáde nínú àpótí.