Wákàtí Ni Mò Ń Tà

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ilé iṣẹ́ wa ń tà, wákàtí ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bí "ìmọ̀ràn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ" tàn yín jẹ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan wà ní Chicago tó ní sọ́fítíwià àtijọ́, àwọn tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíì tí èèyàn ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tuntun tí apá wọn ò ní ká mọ́ bí iṣẹ́ bá parí. Ni wọ́n bá wá bá wa. A yá wọn ní èèyàn mẹ́fà, kálukú pẹ̀lú iye tí wákàtí rẹ̀ jẹ́. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà. Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò.

Ilé iṣẹ́ náà kò ní ọ́fíìsì níbì kankan. Àdírẹ́sì kan wà ní Amẹ́ríkà tí lẹ́tà ń lọ, ó tán. Ẹnì kan nínú wa wà ní Póláǹdì, ẹnì kan ní Nairobi, àwọn méjì wà ní Bràsíl, ọ̀gá wa sì wà ní ìlú kékeré kan ní Ohio. Mi ò tíì rí i lójúkojú rí. Láti àyà lọ sókè ni mo mọ̀ ọ́n; bó ga ni o, bó kúrú ni o, Ọlọ́run ló yé.

Kí n tó débí, ilé ìfowópamọ́ kan l'Ékòó ni mo wà, ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ojú ni wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀. Kí n sáà ti Mọ́wé dé Marina kí aago mẹ́jọ tó lù, kí n fọwọ́ síwèé, kí ọ̀gá rí mi. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú ní aago mẹ́wàá, a ó jókòó, a ó jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà, a ó máa jiyàn bọ́ọ̀lù, owó oṣù á sì wọlé pé pérépéré. Níbi tí mo wà báyìí, kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ìgbà tí mo jí tàbí aṣọ tí mo wọ̀. Àmọ́ gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo bá fi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní olówó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ṣí ìwé wákàtí lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọjọ́ wà lókè, Ajé títí dé Ẹtì. Àwọn iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Àpótí kéékèèké ló wà láàárín, tí èèyàn ń kọ 0.25, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí 1.75 sí. Àpótí kọ̀ọ̀kan gba àlàyé gbólóhùn kan, oníbàárà á sì ka gbólóhùn yẹn kó tó sanwó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo lè fi odidi ọ̀sán Ọjọ́rú wá ìdí tí iṣẹ́ kan tó yẹ kí ẹ̀rọ parí lóru fi ń kú lójú ọ̀nà. Mo wá a títí, mo rí i pé ẹnì kan ló kọ ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, oṣù ṣáájú, ọjọ́ tẹ̀lé e, tí apá kejì sọ́fítíwià sì ń kà á bí àwa ṣe ń kà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé ọjọ́ kejìlá, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Ẹ̀rọ kàn ń fi oṣù pe ọjọ́ ni. Bó bá di ọjọ́ kẹtàlá, á ní òun ò mọ oṣù tó ń jẹ́ oṣù kẹtàlá, á sì dùbúlẹ̀.

Ìlà kan péré ni mo fi tún un ṣe. Bí mo bá wá kọ ọ́ pé "mo tún ìlà kan ṣe, wákàtí mẹ́rin", ẹni tó ń sanwó á fò dìde lórí àga. Ohun tí mo máa ń kọ ni pé mo wádìí ìdí tí àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà kan fi ń sọnù lóru, mo tún un ṣe, mo sì dán an wò lórí àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí kò bá lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó mọ kóòdù kọ tó, kò ní pẹ́ níbi iṣẹ́ wa.

Ogójì wákàtí ló wà nínú ọ̀sẹ̀ wa. Méjìlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́rùn oníbàárà. Mẹ́jọ tó kù ni ti ìpàdé inú ilé, ti ẹ̀kọ́, àti ti àpótí kan tí wọ́n kọ "mìíràn" sí. Ẹni wa tó wà ní Nairobi, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa database, ibi tí ẹ̀rọ ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Bí nǹkan bá há mi lọ́fun, òun ni mò ń ké sí, òun náà ni àwọn tó kù ń ké sí. Á fi tirẹ̀ sílẹ̀, á bá wa wò ó títí á fi lójú. Inú àpótí "mìíràn" ni gbogbo wákàtí yẹn ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ní ìdajì ọdún, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé sọ pé ẹni tó wúlò jù láàárín wa ni ọ̀lẹ! Ọ̀gá pè é, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó gbájú mọ́ iṣẹ́ oníbàárà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pè é, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni nọ́ńbà iṣẹ́ tí òun máa kọ ọ́ sí. Mi ò bá a wí o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ilé iṣẹ́ yìí kan náà máa ń kó wa jọ ní Ọjọ́bọ̀ láti sọ fún wa pé ẹbí kan ni wá.

Nílé wa níhìn-ín, ìṣòro ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá wà nílé, lójú àwọn èèyàn mi, kò níṣẹ́. Ìyá ọkọ mi, tó fẹ́ràn mi gan-an, á ṣílẹ̀kùn wọlé, á gbé àwo ẹ̀wà ka iwájú mi. "Ìyàwó mi, o kúkú jókòó lásán, bá mi ṣa ẹ̀wà yìí." Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, á rí àwọn òyìnbó tó tò síbẹ̀, á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Oníbàárà kan ní Chicago ti kọ́ "ẹ kú iṣẹ́" lẹ́nu rẹ̀. Bí oníbàárà yẹn kò bá gbúròó Màmá fún ìgbà díẹ̀, á béèrè wọn.

Ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì ló le ju ìyẹn lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń gbé ata wá, aago mẹ́rin tiwa náà ló sì jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Chicago nígbà òtútù, tí oníbàárà ń ṣe ìpàdé òòjọ́. Bí ẹ̀rọ yẹn bá gbiná, èmi gan-an kì í gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo lọ bá ìyá tó ni ín, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi fún un nísinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti aago mẹ́rin. Wọ́n ní kò burú, kí n sáà juwọ́ sí àwọn lójú fèrèsé bí mo bá ti ṣe tán. A ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di oṣù Kẹta. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ti aago wọn síwájú, àwa kì í sì í fọwọ́ kan tiwa. Ìpàdé bọ́ sí aago mẹ́ta. Mo tún padà lọ.

"Ta ló ní kí wọ́n máa yí aago?"

"Ìjọba wọn ni, mà."

"Wọn ò sì ní dá a padà mọ́?"

"Wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Wọ́n ríṣẹ́ ṣe o." Ẹni wa tó wà ní Póláǹdì náà ń jẹ nínú ìyà yìí, torí Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni tiwọn tó ń yí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, kì í yé ẹnikẹ́ni nínú wa ìgbà tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lọ lọ́dún 2024. Ọjọ́bọ̀ ni, 14 oṣù Kẹta. Wáyà mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì bára wọn nínú òkùnkùn. Equiano, wáyà Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, kò fara gbá a, àmọ́ orí rẹ̀ kọ́ ni nẹ́tíwọ̀kì tí mò ń lò wà. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó ní Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú sánmà wá. Àwa tí a jókòó síbẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó wá jókòó òkú. Mo bá oníbàárà ṣe ìpàdé. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí ìwé wákàtí. Wákàtí tí mo fi wá nẹ́tíwọ̀kì káàkiri Àkóbọ̀, ta ló ni ín? Oníbàárà kọ́ o. "Mìíràn" gan-an kò gbà á. Èmi ni mo ni ín, mo sì fi òru Sátidé san án.

Owó ńkọ́? Ó dáa ju ti ilé ìfowópamọ́ lọ, kí n má purọ́. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, owó mi, tí wọ́n ń fi dọ́là san, wú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀gá mi kò sì fi sẹ́ǹtì kan kún un. Kò pẹ́ kí owó ọjà lé e bá. Àwọn mọ̀lẹ́bí kò rí ti owó ọjà yẹn, dọ́là nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọn ò mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì, àpò ara mi ni mo fi rà wọ́n, pé ilé iṣẹ́ kò dá sí owó ilé ìwòsàn mi, àti pé owó ìfẹ̀yìntì mi, èmi fúnra mi ni mò ń dá a sínú ètò tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ṣe fún irú wa. Alágbàṣe ni mí lórí ìwé. Bí iṣẹ́ Chicago bá parí láìsí òmíràn, wọ́n á ní mo wà lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ará Amẹ́ríkà inú wa, wọ́n á máa san tiwọn lórí bẹ́ǹṣì náà fún ìgbà díẹ̀. Tiwa dúró lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀ mi ò ní padà sí Mọ́wé. Mò ń rí ọmọ mi kó tó lọ iléèwé, mo sì ń wà ńlé nígbà tó bá dé. Fún èmi, ìyẹn wọ́n ju bọ́ọ̀lì lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, agùnbánirọ̀ ni, ń wá irú iṣẹ́ yìí. Mo ní kó má wulẹ̀ béèrè iye tí wọ́n máa san. Kó bi wọ́n pé ta ló ń sanwó ọjọ́ tí kò bá sí oníbàárà. Ó ní, "Àǹtí mi, wọn ò ní bínú?" Mo ní kó béèrè. Ó béèrè. Wọ́n ní àwọn máa ń san ìdajì fún oṣù kan, alágbàṣe tàbí òṣìṣẹ́, ibikíbi tó bá ń gbé. Mo ní kó fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo ti yọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn kúrò níbẹ̀, mo sì ti fi ṣọwọ́ sí ọ̀gá mi ní Ohio.