Ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó béèrè owó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí bàlúù tó pẹ́

Owó gbà-má-bínú tí ilé iṣẹ́ bàlúù jẹ wá nítorí bàlúù tó pẹ́ ti wọ báńkì báyìí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, torí owó tí òfin Ìlú Ọba ti ní kí wọ́n san ni wọ́n jẹ́ ká máa jà fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Heathrow tàbí Gatwick lọ sí Èkó, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n á ní ká ní sùúrù wákàtí kan, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Kí ẹ tó mọ̀, àwọn ilé oúnjẹ ti tì, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà náà ti lọ.

Ààjìn òru yẹn ló burú jù. Àwọn ọmọ á ti sùn sórí ẹrù. Ìyá àgbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n ti kó wọnú bàlúù á jókòó, kò ní mọ ẹni tó máa bi. Àsìkò tó ti rẹ gbogbo èèyàn yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gbé ìwé wá pé kí ẹ wá fọwọ́ sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń sọ ẹ̀tọ́ wa nù.

Ìwé méjì ló máa ń wà. Fáúṣà oúnjẹ ni ọ̀kan, ẹ gbà á. Fún ìrìn tó lé ní 3,500 kìlómítà láti Ìlú Ọba, bí ìdádúró bá ti pé wákàtí mẹ́rin, oúnjẹ àti omi tọ́ sí yín, pẹ̀lú ìpè tàbí ímeèlì méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀. Gbígbà á kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó gbà-má-bínú yín. Kódà bó jẹ́ ìjì ló fa ìdádúró, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú yín. Bí wọn ò bá pèsè ohunkóhun, ẹ ra oúnjẹ tó mọ níwọ̀n, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé wọ́n á san owó ọtí.

Ìwé kejì ni fáúṣà ìrìn-àjò mìíràn, tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé ẹ gbà á dípò owó. Ẹ má fọwọ́ sí i. Òfin ní owó gidi ni kí wọ́n san, bóyá sọ́wọ́, sí báńkì tàbí ní ṣẹ́ẹ̀kì. Àyàfi tí èrò bá fọwọ́ sí i ni fáúṣà tó lè rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìdí. Ẹ bi wọ́n: kí ló dé tí bàlúù yìí ò gbéra? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ya fọ́tò ojú bọ́ọ̀dù, ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ bàlúù fi lè bọ́ lọ́wọ́ owó náà ni kó fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá agbára òun, àti pé òun ti sa gbogbo ipá òun. Àwọn ló máa mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ojú ọjọ́ tó burú lè gbà wọ́n sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà NATS, ilé iṣẹ́ tó ń darí ojú òfurufú Ìlú Ọba, tó dẹnu kọlẹ̀ ní 28 Oṣù Kẹjọ 2023, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ lásán kò sí níbẹ̀: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2014 nínú ẹjọ́ èrò kan tó ń jẹ́ Huzar àti ilé iṣẹ́ bàlúù Jet2. Awakọ̀ òfurufú tó ṣàìsàn pàápàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba dá a ní Oṣù Keje 2024, nínú ẹjọ́ Lipton àti BA Cityflyer, pé ọ̀ràn ilé iṣẹ́ náà ni.

Torí náà, bí lẹ́tà bá dé tó kàn ní "ìṣẹ̀lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀", bí èyí tí wọ́n kọ sí wa, ẹ dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè: ìṣẹ̀lẹ̀ wo, níbo, ní aago mélòó? Bí wọ́n bá ní ojú ọjọ́ ni, ẹ wò ó bóyá bàlúù àwọn ẹlòmíràn gbéra ní wákàtí kan náà. Nọ́ńbà bàlúù wà lára rẹ̀ lápá ìrù. Ẹ fi wá ibi tó ti ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i bóyá ibòmíràn ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Láti London sí Èkó, £520 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé. Bó bá tó mẹ́ta àmọ́ tí kò pé mẹ́rin, £260. Iye tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kò kàn án, ọmọ tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ẹ wo aago kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ojúkòkòrò ni ká máa béèrè owó yìí. Rárá o, kì í ṣe ọrẹ àánú.

Bàlúù èyíkéyìí tó bá gbéra láti Ìlú Ọba wà lábẹ́ òfin yìí, ti Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Láti Èkó lọ sí London, ti ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba tàbí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) nìkan ni. Nínú Nàìjíríà, òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ní kí wọ́n sọ ìdí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ẹ rí i, ìdí náà ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìpanu àti omi. Lẹ́yìn méjì, ẹ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín padà. Láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, òtẹ́ẹ̀lì.

Ilé iṣẹ́ bàlúù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ nọ́ńbà ìrìn, ọjọ́, aago tí ilẹ̀kùn ṣí, orúkọ gbogbo èrò, iye owó àti àkáǹtì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ olùlàjà tí wọ́n bá wà lábẹ́ rẹ̀, bí kò bá sí, CAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn owó kékeré. Tiwa ò débẹ̀. Lẹ́tà tó dárúkọ ilé ẹjọ́ ló mú wọn sanwó. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń báni gbà á tí wọ́n ń yọ tiwọn nínú rẹ̀, iṣẹ́ lẹ́tà kan ni. Ọdún mẹ́fà ni àyè wà ní England, márùn-ún ní Scotland. Ẹni tí bàlúù rẹ̀ pẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì lè kọ̀wé lónìí: kó lọ wá nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì nínú ímeèlì rẹ̀.