2024: Ọdún Tí Mo Dúró De Ìràwọ̀ Tí Kò Wá

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún 2024 ṣe, ìràwọ̀ kan ni mo dúró dè, kò sì wá. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ, àyẹ̀wò ọdún mi ti parí nìyẹn.

Oṣù kìíní àti oṣù kejì: mo ṣiṣẹ́, mo gba owó oṣù, mo sùn. Ti oṣù kẹta, ikú Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi kẹ́dùn, ẹ ṣeun, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mi ò sọ fún yín nígbà náà ni pé nígbà tí à ń palẹ̀ ẹrù Ẹ̀gbọ́n mi mọ́, àwọn ọlọ́gbọ́n mú ohun tó wúlò. Èmi mú awò olójú méjì wọn, èyí tí okùn ọrùn rẹ̀ ti já tí wọ́n fi okùn bàtà so. Ẹ ò lè gbàgbé awò yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi wọ́n sun yín níbí, pé wọn ò jẹ́ ká sùn, pé òṣùpá tó ti ń yọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló tún kù lára rẹ̀ tí a fẹ́ wò.

Oṣù kẹrin ni mo gbọ́ nípa ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní T Coronae Borealis, T CrB ní ìkékúrú. Inú àwọn ìràwọ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bí adé ló wà, láàárín ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ gan-an, Arcturus àti Vega. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ni. Ọ̀kan jẹ́ àràrá funfun, ìràwọ̀ tó ti jó tán tó sì sún kì. Èkejì jẹ́ òmìrán pupa tó ti wú. Nǹkan bí ọjọ́ 228 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan. Àràrá yìí ń fa gáàsì lára òmìrán, ó ń kó o jọ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí gáàsì ọ̀hún á fi gbóná kọjá àlà, tí gbogbo rẹ̀ á gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ tí ojú lásán ò lè rí rárá á wá mọ́lẹ̀ tó Ìràwọ̀ Àríwá fún ọjọ́ bí mélòó kan, lẹ́yìn náà á tún pòórá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1866. Ó tún un ṣe ní 1946. Ẹ fi 80 kún un, kí ẹ wò ó. Ní 2023, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe lọ sílẹ̀ kí ti 1946 tó ṣẹlẹ̀, làwọn onímọ̀ kan bá ní ó ṣeé ṣe kó má kọjá oṣù kẹsàn-án 2024.

Irú ìròyìn tí Ẹ̀gbọ́n mi ì bá tìtorí ẹ̀ pè mí láàárín òru nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo sùn dáadáa. Wọ́n ní oorun dára fún awọ ara.

Bí mo ṣe kọ̀wé sí àwọn AAVSO nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1911, àmọ́ ibi yòówù kéèyàn wà láyé ló ti lè fi ohun tó rí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí ẹni tuntun sọ irú ẹni tóun jẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ ò bá rí lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ! Ẹni tó ń wáṣẹ́ gan-an kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo to ìwé ẹ̀rí mi sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó tí kò kan ìràwọ̀ kankan. Mo ní mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láti kékeré, irọ́ ni, ẹlòmíì ló fẹ́ràn ẹ̀ nínú ilé wa. Mo tọrọ àforíjì pé mi ò ní awò awọ̀nàjíjìn, mo wá tọrọ àforíjì pé àforíjì mi ti pọ̀ jù. Mo kọ odidi ìpínrọ̀ kan nípa ẹni tó ni awò tí mò ń lò. Mo kà á. Mo pa á rẹ́, mo kọ «awò 10x50, ti àtijọ́» sípò rẹ̀. Òótọ́ sì ni, àtijọ́ ni.

Bàbá kan tó ti ń ṣọ́ ìràwọ̀ kí wọ́n tó bí mi ló dá mi lóhùn. Wọ́n kí mi káàbọ̀ ní gbólóhùn kan. Wọn ò yà sọ́dọ̀ ìwé ẹ̀rí mi rárá. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ni mo rí lálẹ́ àná.

Mi ò rí nǹkan kan. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ T CrB wà ní bíi 10 nígbà tó bá ń sinmi, agbára awò mi ò sì dé ibẹ̀. (Nínú ìwọ̀n ìràwọ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ má wá a lọ.) Mo sọ fún Bàbá pé mi ò rí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n ní rárá o, kí n mú àwòrán ojú ọ̀run tí ẹgbẹ́ ń lò, kí n wo àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n sí, kí n sọ èyí tó ṣókùnkùn jù lọ nínú àwọn tí ojú mi ká. Wọn kì í fi àmì kékeré (.) sáàárín nọ́ńbà inú àwòrán yẹn, torí kéèyàn má baà rò pé ìràwọ̀ ni. Tí ẹ bá rí 86, 8.6 ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí n wá kọ nọ́ńbà ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀, kí n fi àmì < ṣáájú rẹ̀, kí n kọ ọjọ́ àti aago, kí n fi ránṣẹ́.

Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé: mo wò ó, mi ò rí i, bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kò mọ́lẹ̀ tó báyìí. Ẹ̀rí ni wọ́n kà á sí! Ìràwọ̀ yìí, wákàtí mélòó kan ló máa fi mọ́lẹ̀ dé góńgó, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé á sì fẹ́ mọ̀ ni aago tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wò ó lálẹ́ tó ṣáájú tí kò rí nǹkan kan ló máa sọ ìyẹn fún wọn. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n máa ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n á tún ní o ṣeun.

Wọ́n fún mi ní lẹ́tà mélòó kan tí wọ́n á máa fi dá mi mọ̀. Inú àkójọ tó ti lé ní mílíọ̀nù 30 ni ohun tí mo kọ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀, lẹ́tà mélòó kan náà lòun náà ní.

Bí gbogbo alẹ́ mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ọlọ́dẹ lòun fẹ́. Ẹ̀fọn ilé wa sanra. Oṣù kẹsàn-án dé, oṣù kẹsàn-án lọ, ìràwọ̀ ò mira.

Bàbá yẹn ló sọ ìtàn Leslie Peltier fún mi. Ọmọ oko ni ní Ohio, owó èso tó já ló fi ra awò awọ̀nàjíjìn àkọ́kọ́. Láti 1918 ló ti ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yìí, kó sì tó kú ní 1980, ó ti fi èyí tó lé ní 132,000 ránṣẹ́. Odidi ọdún 25 ló fi ṣọ́ T CrB. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kejì 1946, ó jí láti lọ wo ojú ọ̀run, ó wá rí i pé ọ̀fìnkìn fẹ́ mú òun, ló bá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Òru yẹn gan-an ni ìràwọ̀ náà gbiná. Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí n lọ sílé lọ wẹ̀, mo ní kò ní pẹ́.

Ọ̀fìnkìn là ń sọ. Ọ̀fìnkìn kì í ṣe nǹkan tó dáa.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí ni pé wọn ò mọ ọdún. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 4713 ṣáájú ìbí Kristi, ọjọ́ tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan ní Greenwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òru ẹni tó ń wòran níbẹ̀ má baà pín sí méjì. Ọ̀sán ọjọ́ 31 oṣù kejìlá yìí, ó di 2460676. Ọ̀sán tó tẹ̀ lé e, 2460677. Kò sí pé ọdún yìí ni wọ́n wà, ọdún tó ń bọ̀ ni wọn ò sí. Síbẹ̀ èmi náà kọ́ nìyí tí mò ń kọ àyẹ̀wò ọdún.

Màmá ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á ní: «Ìràwọ̀ yín ńkọ́?» Yín, kì í ṣe rẹ, mi ò sì tún un ṣe fún wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún bí 3,000 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní: «A jẹ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀, a ò kàn tíì gbọ́ ni.» Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

2025 ńkọ́? Mi ò ṣèlérí. Ó lè bú lọ́la, ó lè fi wá sílẹ̀ títí irun á fi funfun. Lásìkò yìí, ìdájí ni adé yẹn ń yọ, ṣáájú oòrùn, èyí tó ba oorun jẹ́ ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Mo ti fẹ́ pààrọ̀ okùn bàtà ara awò yẹn sí okùn gidi. Mo tú u tán, mo tún dá a padà, kò sóhun tó ṣe é. Bí ẹ bá pè mí ní aago márùn-ún àárọ̀ tí mi ò gbé e, ìta ni mo wà. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ọ̀fìnkìn mú mi lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi, ẹ sọ fún ọkọ mi kó tì mí síta kó sì tilẹ̀kùn.