Alábàárù Tó Ń Kan Ògiri

Èmi àti Kúnlé àbúrò mi la jọ ń fọwọ́ ara wa ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ọjà ni. Tó o bá rajà tán, wàá tẹ ìsọ̀ rẹ lójú fóònù, alábàárù á sì fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà gbé e débẹ̀. Wíwá ọ̀nà yẹn gan-an ni wàhálà.

Kúnlé ní kò le rárá: kí alábàárù ṣáà máa gbẹ́sẹ̀ síbi tó bá sún mọ́ ìsọ̀ jù. Ó yá lóòótọ́, kò tiẹ̀ mú fóònù gbóná. La bá pe Màámi wá wò ó, torí àwọn ló ń sanwó dátà. Alábàárù ru àpò gaàrí, ó ń lọ kánmọ́kánmọ́, àfi bó ṣe kó sínú ọgbà kan tí ògiri yí ká níhà mẹ́ta. Ẹ̀yìn ògiri ni ìsọ̀ wà. Ó forí sọ ògiri. Ó tún forí sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ń lọ, ara ò kúrò lójú kan. Kó tó lè jáde, àfi kó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ìsọ̀, Kúnlé ò sì gbà fún un kó kẹ̀yìn sí i.

Màámi wò ó títí. "Ta ló ṣépè fún èyí?"

Inú bí Kúnlé, ó sá tọ ìlànà Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, lọ. Ọdún 1956 ni ọmọ ilẹ̀ Netherlands yẹn ronú ìlànà tirẹ̀, níbi tóun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti jókòó mu kọfí ní Amsterdam. (Níwájú àfẹ́sọ́nà o!) Ìlànà náà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n gbogbo kọ̀rọ̀ ló ń yẹ̀ wò, títí kan ìhà tí ìsọ̀ ò sí rárá. Nígbà tí alábàárù pọ̀, fóònù Kúnlé gbóná, ó kú fin-ín.

A bá kó sọ́dọ̀ A*, ìlànà wíwá ọ̀nà míì tí Hart, Nilsson àti Raphael gbé jáde lọ́dún 1968. Ìyẹn ń ka ibi tó ti rìn dé, ó ń fojú díwọ̀n ibi tó kù, ó wá ń tọ ọ̀nà tí àròpọ̀ méjèèjì bá kéré jù. Lójú tirẹ̀, ẹrẹ̀ àti títì ò yàtọ̀, ló bá gbé sìmẹ́ńtì gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Kúnlé ní kó máa ka ìṣísẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀ sí márùn-ún, alábàárù bá jáwọ́ nínú gbígba ẹrẹ̀.

A tún pe Màámi. Gbogbo alábàárù ṣírò, ìdáhùn gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀kan: ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ìsọ̀ aláta àti ti aláṣọ ló yá jù. Ni wọ́n bá rọ́ gìrọ́gìrọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ò rí ọ̀nà lọ, ẹni tó ń bọ̀ ò rí ọ̀nà bọ̀, ẹrù ń gbún ẹrù.

Kúnlé ní, "Màámi, ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ṣìnà nínú wọn."

Màámi ò já a níyàn. Wọ́n ní ó ku ká wá ẹni tí yóò máa ta píọ́ wọ́tà fún wọn níbẹ̀.