Eku Aláìsàn Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Eku tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í fi òwú sílẹ̀ lódindi. Bí a bá ju òwú tí wọ́n kì pọ̀ sínú àgò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti fi eyín já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á ti fi ṣe ìtẹ́. Mo ń tọ́jú eku funfun níbi ìwádìí kan ní Massachusetts, ìtẹ́ yìí ni mo sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò láàárọ̀. Níbi tí òwú bá ti wà bí mo ṣe jù ú sí i, màá bá eku náà ní kọ̀rọ̀, ó ká kò, irun rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ là sí ìdajì. Kò fẹnu kan oúnjẹ. Bí èkejì rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, kò ní yíjú sí i.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kòkòrò àrùn ló gba gbogbo agbára lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ọ̀ràn yìí kì í sábà fún eku ní kòkòrò tó wà láàyè. LPS ni wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, ìyẹn èròjà ara èèpo bakitéríà. LPS kò lè bí sí i, síbẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, eku ti ká kò. Ara eku fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á tú àwọn èròjà bí interleukin-1 àti TNF jáde, ìròyìn á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, á sì gba inú vagus, iṣan ìmọ̀lára tó wá láti ikùn. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Faransé gé iṣan yẹn nínú ikùn eku, abẹ́rẹ́ kan náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn mọ́. Ní 2022, ní Yunifásítì Rockefeller ní New York, wọ́n ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jí ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ eku tí kò ṣàìsàn rárá. Oúnjẹ rẹ̀ dín kù, omi tó ń mu dín kù, ìrìn rẹ̀ náà dín kù.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti àwọn ìyálọ́mọ, tí Arnaud Aubert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997. Wọ́n fún eku tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní LPS. Nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní 22°C, kò bìkítà fún ìtẹ́ kíkọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ìtẹ́, á dìde, á fẹnu gbé wọn padà. Wọ́n wá fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ sínú òtútù 6°C, níbi tí ọmọ tí kò tíì hu irun ti lè kú bí kò bá sí ìtẹ́. Ìyá aláìsàn kọ́ ìtẹ́.

Agbára wà lára rẹ̀, nígbà náà. Ọpọlọ ló ń pinnu ohun tí ara máa ná an lé lórí. Benjamin Hart, dókítà ẹranko ní California, ti kọ ọ́ ní 1988 pé ọgbọ́n tí ara fi ń bá àrùn jà ni ìdùbúlẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe aláìsàn ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló le díẹ̀. Bí ìyá mi bá gbọ́ pé ara mi ò yá, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù ni pé, “Ṣé o ti mu ẹ̀kọ?” Ní 1979, wọ́n fipá bọ́ eku tí wọ́n ti kó bakitéríà Listeria sí lára, àwọn tó kú sì pọ̀ ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ní 2016 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale fi hàn pé ṣúgà glucose ń pa eku tó ní Listeria, àmọ́ oúnjẹ ń gba eku tí fáírọ́ọ̀sì influenza ń bá jà là. Ohun tí màmá mi ń ṣe yóò gba eku kan là, yóò pa èkejì. Eku kì í ṣe èèyàn o, n kò sì ní torí èyí sọ fún aláìsàn pé kó má jẹun.

Ní 2023, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára díẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbé ìròyìn influenza lọ sí ọpọlọ, prostaglandin E2, èròjà kan tí ara ń tú jáde nígbà àìsàn, ni wọ́n sì fi ń mọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kúrò, eku ń jẹ, ó ń mu, ó ń rìn, àwọn tó yè sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn eku náà tún dùbúlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ìròyìn gbà lọ́tẹ̀ yìí.